Ẹ Bá Wa Sọ fún Àwọn Onísọ́ọ̀míìlì: Èéfín Sọ́dọ́ọ̀sì Yìí Ń Pa Wá Lára

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín fún ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, ọ̀rọ̀ àwa tá à ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́ọ̀míìlì ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú rárá, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Aládùúgbò wa làwọn tó ń la gẹdú, a jọ ń kí ara wa láàárọ̀, pákó tí wọ́n là ló wà lórí òrùlé wa. Ohun tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá là á tán ni mo bá wá: sọ́dọ́ọ̀sì, èèpo igi, ẹ̀gbẹ́ gẹdú tí ò ṣeé tà, ègé pákó wẹ́wẹ́. Ẹ má rò pé nǹkan kékeré ni o. Nínú gẹdú kan tó bá wọ sọ́ọ̀míìlì, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀ ni kì í di pákó, pàápàá níbi tí ayùn bá ti nípọn jù tàbí tó ti kú. Ìdajì yẹn gbọ́dọ̀ gba ibì kan lọ, ọ̀dọ̀ wa ló sì máa ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí. Lọ́sàn-án, máṣíìnì ń ké látàárọ̀, lẹ́búlẹ́bú igi ń fò jáde, atẹ́gùn ń gbé e kiri. Aṣọ tí èèyàn fọ̀ sá, kó tó gbẹ, ìyẹ̀ igi ti lẹ̀ mọ́ ọn. Tábìlì tí ẹ nù láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ẹ lè fi ìka kọ orúkọ yín sí i lára. A máa ń ti fèrèsé nínú ooru, torí tá a bá ṣí i ojú á máa ta wá. Àmọ́ ìyẹn ṣì dára díẹ̀, alẹ́ ni wàhálà gan-an ń bẹ̀rẹ̀. Tí iṣẹ́ bá ti parí, tí ọ̀gá ti lọ sílé, wọ́n á tiná bọ òkìtì sọ́dọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn ọgbà, nítorí àyè gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún ti ọ̀la. Iná yẹn kì í jó geere bí iná igi gbígbẹ, ẹ ò ní rí ọwọ́ iná kankan, èéfín funfun ló máa ń rú, ó máa ń nípọn, tí á wá máa fà nílẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa díẹ̀díẹ̀. Lálẹ́ ilẹ̀ ti tutù, atẹ́gùn ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́, èéfín ò rọ́nà gòkè, ó kàn máa dúró sáàárín ilé ni títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ máa gbọ́ ikọ́ lójúlé sí ojúlé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé ṣebí èéfín igi lásán ni, ṣebí àwọn bàbá wa fi igi dáná, wọ́n sì dàgbà. Mo fẹ́ ká yé sọ bẹ́ẹ̀. Sọ́dọ́ọ̀sì tí wọ́n kó jọ gègèrè, atẹ́gùn ò ráyè wọ inú rẹ̀, iná tó bá wà níbẹ̀ kì í lè jó tán, ó kàn ń jẹ lábẹ́lẹ̀ ni. Iná tí ò rí atẹ́gùn tó ni èéfín rẹ̀ máa ń burú jù. Carbon monoxide wà nínú rẹ̀, gáàsì tí kò lóòórùn tí kò láwọ̀, òun náà ló ń pa àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Benzene wà níbẹ̀, formaldehyde náà wà níbẹ̀, kẹ́míkà olóró ni àwọn méjèèjì. Èyí tó wá pọ̀ jù ni eruku kéékèèké tí ojú ò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PM2.5, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ò tó ìdá ọgbọ̀n ìnípọn irun orí. Irun imú ò lè mú un, ikọ́ ò lè tú u jáde, inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún ló ń lọ, òmíì tún ń gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tún òdiwọ̀n rẹ̀ ṣe, wọ́n ní eruku yìí kò gbọdọ̀ ju máíkírógírámù 5 nínú kúbíìkì mítà atẹ́gùn kan lọ tá a bá pín in dọ́gba jálẹ̀ ọdún, àti 15 láàárín ọjọ́ kan. Mẹ́wàá ni ti ọdún tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di márùn-ún, ẹ̀rí tí wọ́n rí ló mú kí wọ́n fà á wálẹ̀. Ẹni tí ikọ́ fée ń dà láàmú, aláboyún, ọmọ ọwọ́, àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, àwọn wọ̀nyí ni nǹkan yìí máa ń kọ́kọ́ mú. Àwọn náà ló sì máa ń wà nílé jù.

Ti eruku igi fúnra rẹ̀ láìtíì fi iná sí i náà tún wà níbẹ̀. Láti ọdún 1995 ni IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO, ti fi eruku igi sí ipò kìíní nínú àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn, jẹjẹrẹ inú imú àti ihò tó yí imú ká. Ipò kan náà tí wọ́n to sìgá sí nìyẹn. Òótọ́ ni pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ ló kàn jù, ohun tó sì ń dùn mí gan-an nìyẹn, torí àwọn ọmọ tó wà nídìí máṣíìnì yẹn, ọmọ wa ni wọ́n. Ẹ lọ wò wọ́n, ìyẹ̀ igi á ti kún ìpéǹpéjú wọn, wọ́n á so aṣọ sẹ́nu nígbà míì, nígbà míì wọn ò ní so nǹkan kan. Ìrókò tá a fẹ́ràn yìí, eruku rẹ̀ máa ń jẹ àwọn míì lára, ó ń fa ara yíyún, ó sì ń fa ikọ́ fée. Igi mansonia náà ò gbẹ́yìn, àwọn tó ń gé e mọ bó ṣe máa ń jó wọn nímú. Tó bá ṣe àwọn tó ń gbowó iṣẹ́ lórí rẹ̀ báyìí, kí wá ni ti ọmọ ọdún méjì tó sùn sí yàrá kejì?

Nǹkan míì tún wà tí àwọn òbí ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, mo bẹ yín kí ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ̀ ẹ́: òkìtì sọ́dọ́ọ̀sì tí wọ́n ti fi iná sí, tí èéfín rẹ̀ ti dín kù, kò tíì kú o. Òkè rẹ̀ lè tutù, ẹ lè fọwọ́ kàn án, àmọ́ inú rẹ̀ á ti di ihò, ẹ̀yinná á sì wà nísàlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ọmọ àdúgbò wa kan lé bọ́ọ̀lù gun òkìtì bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọlé dé orúnkún. Ọmọ náà wà láàyè, a dúpẹ́, àmọ́ ojú àpá ẹsẹ̀ yẹn ò ṣeé wò. Òjò pàápàá ò ní pa iná yẹn tó bá ti wọlé jìnnà, omi á kàn máa ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ ni.

Eruku igi gbígbẹ tún lè bú gbàmù bí bọ́ǹbù tó bá kún inú ilé tí iná kékeré kan bá sì kàn án. Ní Kánádà, lọ́dún 2012, ó ṣẹlẹ̀ ní sọ́ọ̀míìlì méjì ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta síra wọn. Ti Burns Lake ní January 20, èèyàn méjì kú, ogún fara pa. Ti Prince George ní April 23, èèyàn méjì kú, méjìlélógún fara pa. Ìlú tó lófin, tó ní panápaná, tó ní gbogbo nǹkan ni o. Eruku tí wọn ò gbá kúrò lórí irin àti òrùlé ló fà á, ó gbẹ, ó sì tínrín, ó kàn ń dúró de iná ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ omi, torí èyí tí wọn ò bá sun, omi ni wọ́n ń dà á sí. Tí òjò bá rọ̀ sórí òkìtì sọ́dọ́ọ̀sì, omi tó máa jáde lábẹ́ rẹ̀ á dúdú bíi tíì tí wọ́n sè jù. Tannin ló wà nínú rẹ̀, àti àwọn kẹ́míkà míì tó máa ń wà nínú igi kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Omi yẹn máa ń wọlẹ̀ lọ bá kànga, ó sì tún máa ń fa irin tó wà nínú ilẹ̀ jáde, ìdí nìyẹn tí omi kànga míì lẹ́bàá sọ́ọ̀míìlì fi máa ń ní àwọ̀ tó sì máa ń run. Tó bá wọ odò, kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ igi náà á lo atẹ́gùn inú omi tán, ẹja á máa gòkè wá mí lójú omi. Sọ́dọ́ọ̀sì tó rì á sì bo ìsàlẹ̀ odò mọ́lẹ̀, ibi tí ẹja ń yé ẹyin sí á bàjẹ́, àwọn apẹja á máa padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ti gọ́tà ẹ̀yin náà mọ̀, sọ́dọ́ọ̀sì á mu omi, á wú, á dí i pa, òjò kékeré á di àgbàrá wọ pálọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní Ottawa, ní Kánádà yẹn náà, ní nǹkan bí ogóje ọdún sẹ́yìn, àwọn ọlọ́lá tó ni sọ́ọ̀míìlì ń da sọ́dọ́ọ̀sì sínú odò, ó pọ̀ débi pé ó ń rà nísàlẹ̀ omi, ó ń mú gáàsì jáde, gáàsì ọ̀hún sì máa ń bú gbàmù. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Antoine Ratté, ọkọ̀ ojú omi ló ń fi yá àwọn èèyàn, kì í ṣe olówó. Sọ́dọ́ọ̀sì dí etí omi ibi tó ti ń ṣòwò, oòórùn lé àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó pe àwọn alágbára yẹn lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà rìn títí ó fi dé Privy Council ní London lọ́dún 1890, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ìlú tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, wọ́n sì ní ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pè wọ́n lẹ́jọ́ o, fún nǹkan rẹ̀ tí wọ́n bà jẹ́. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó máa ń sọ pé ta ló máa gbọ́ tiwa.

Níbí, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti gba orí afárá Third Mainland kọjá nílùú Èkó ló ti fojú ara rẹ̀ rí èéfín àwọn sọ́ọ̀míìlì Òkòbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni gẹdú fi ń gba orí omi wá síbẹ̀ láti àwọn ìpínlẹ̀ tí igbó ṣì wà, tí wọ́n ń là á, tí ìyókù sì ń ṣẹ́ jọ sétí omi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ní Makoko, sọ́dọ́ọ̀sì ni àwọn èèyàn fi ń kún irà kí wọ́n tó kọ́lé lé e, torí òun ni wọ́n rí. Ilẹ̀ tí wọ́n fi igi jíjẹrà kún, ó máa ń rì díẹ̀díẹ̀ ni, ilé á sì máa tẹ̀lé e. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣètò ibòmíì fún àwọn onísọ́ọ̀míìlì Òkòbàbà ní Agbowa. Ó dáa, mi ò ní kó má dáa. Àmọ́ èrò mi ni pé kíkó sọ́ọ̀míìlì kúrò nìkan ò lè tán ọ̀rọ̀ náà. Tí wọ́n bá kó o lọ sínú igbó lónìí, àwọn òṣìṣẹ́ á tẹ̀lé e, àwọn ọlọ́jà á tẹ̀lé wọn, àwọn ìyàwó àti ọmọ á dé, kó tó pẹ́ ó ti di àdúgbò, òkìtì á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín sí wọn lára. Ìdọ̀tí yẹn fúnra rẹ̀ ni ká wá nǹkan ṣe sí, níbikíbi tí ayùn bá wà.

Mo ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní àwọn ló kọ́kọ́ dé, pé àwa la wá kọ́lé bá àwọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbòmíì. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá ò bá ẹnikẹ́ni kọ́lé síbì kankan, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló ń san gbèsè náà. Wọ́n á tún ní tí àwọn bá ní kí àwọn máa kó sọ́dọ́ọ̀sì dà nù, owó ọkọ̀ á pọ̀, pákó á wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè wọ́n díẹ̀. Owó yẹn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwa la kàn ń san án, ní ilé ìwòsàn, lórí oògùn ikọ́, lórí ìnhélà, lórí ọjọ́ tí a ò lè lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó ń jèrè igi ló yẹ kó ru ìnáwó ìdọ̀tí igi. Mi ò rí ohun tó le nínú ìyẹn.

Sọ́dọ́ọ̀sì gan-an kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn máa fi iná sun dà nù, ọrọ̀ ni. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ di búlọ́ọ̀kù kéékèèké tí wọ́n fi ń dáná ní sítóòfù, ó sì máa ń jó dáadáa tó bá gbẹ. Wọ́n fi ń ṣe pátákó tí wọ́n fi ń kan kọ́bọ́ọ̀dù àti bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó ń gbin olú nínú ọ̀rá ń wá a lójú méjèèjì, àwọn tó ń sin adìyẹ ń dà á sílẹ̀ ilé adìyẹ. Sọ́ọ̀míìlì tó bá ní àrò tí wọ́n fi ń mú pákó gbẹ lè máa fi ìdọ̀tí tirẹ̀ mú pákó tirẹ̀ gbẹ, tó bá jẹ́ àrò tó dáa tí iná rẹ̀ ń jó tán. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé wọn ò bò ó, wọn ò kó o sọ́tọ̀, òjò ń pa á, wọ́n ń da ọ̀rá àti ọ́ìlì mọ́ ọn, ẹni tó fẹ́ rà á bá dé, ó wò ó, ó padà. Ilé kékeré kan tó ní òrùlé, tí wọ́n lè máa da sọ́dọ́ọ̀sì sí kó gbẹ, ìyẹn á ti yí nǹkan padà. Fáànù tó ń fa eruku látẹnu ayùn sínú àgbá, ó ti wà tipẹ́tipẹ́, kì í ṣe ìmọ̀ tuntun rárá. Ayùn tó bá tínrín tó sì mú, sọ́dọ́ọ̀sì rẹ̀ máa ń kéré, pákó tó ń jáde á sì pọ̀ sí i, èrè ọ̀gá gan-an nìyẹn.

Ohun kan ni mo fẹ́ kì wọ́n nílọ̀ lé lórí o. Igi tí wọ́n ti fi oògùn ikán rẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sun ún, kí wọ́n má sì kó sọ́dọ́ọ̀sì rẹ̀ fún adìyẹ tàbí fún olú. Nínú àwọn oògùn yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní CCA ní arsenic nínú, májèlé ni, iná kì í pa á, inú èéfín àti eérú ló ń dúró sí. Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀pọ̀ igi tí wọ́n ń lò nílé láti ìparí ọdún 2003. Ẹ̀yin ìyá tó ń lọ bu ègé pákó ní sọ́ọ̀míìlì láti fi dáná, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ dáadáa, èyí tó bá ní àwọ̀ ewé tí kì í ṣe ti igi, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó bá sì dáa náà, ìta gbangba ni kí ẹ ti fi dáná, ẹ má gbé e wọ kíṣìnnì tí ò ní fèrèsé.

Ohun tá à ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ fòfin de fífi iná sun sọ́dọ́ọ̀sì níbikíbi tí ilé èèyàn bá wà nítòsí, kí òfin náà sì ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ lálẹ́, torí tí àwọn òṣìṣẹ́ àyíká bá wá lọ́sàn-án, wọ́n á bá ilẹ̀ gbígbá. Kí ẹgbẹ́ àwọn tó ń la gẹdú jókòó pẹ̀lú wa, kí wọ́n dá owó jọ fún ibi ìkósọ́dọ́ọ̀sì kan, kí wọ́n wá àwọn tó ń rà á. Kí wọ́n wa gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ọgbà wọn fúnra wọn kí òjò tó dé. Kí wọ́n ra ìbòmú tó dáa fún àwọn ọmọ iṣẹ́, kì í ṣe àkísà. Àwa aládùúgbò náà ṣe tán láti ṣe tiwa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti sọ pé tí wọ́n bá yé dáná sun ún, àwọn á bá wọn wá oníbàárà.

Ó wá kù sọ́wọ́ ẹ̀yin oníròyìn. Ẹ bá wa rán akọ̀ròyìn kan wá sí àdúgbò tó bá sún mọ́ sọ́ọ̀míìlì, èyíkéyìí tó bá wù yín, wọ́n pọ̀. Kó má wá lọ́sàn-án o. Kó wá lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án alẹ́, kó mú fóònù tó ń ya fídíò lókùnkùn dání, kó dúró títí di ìdájí, kó sì kan ilẹ̀kùn ilé tí ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀, kó bi ìyá ọmọ bí wọ́n ṣe sùn mọ́jú. Lẹ́yìn náà kó lọ bá ọ̀gá sọ́ọ̀míìlì náà, kó bi òun náà pé ibo ni sọ́dọ́ọ̀sì àná lọ, kí ẹ tẹ ìdáhùn àwọn méjèèjì sójú ewé kan náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ẹnì kan tó ń gbé lẹ́yìn ọgbà sọ́ọ̀míìlì